Aṣọ Ìpọnmọ Lẹ́yìn Ààrò

"Ẹ̀yin ìyá, òtútù ti dé o. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn ṣe àwọn ọmọ wa léṣe. Ẹ fi ọwọ́ yẹ ara ògiri wò, ẹ yẹ ẹ̀yìn fèrèsé wò, ẹ yẹ ìdí ààrò wò. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ihò, ẹ dí i pa. Ẹni tó bá rí ihò tí kò dí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa ọmọ rẹ̀ lára."

Ìkìlọ̀ yìí ni mo gbọ́ lórí fóònù mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú ẹgbẹ́ àwa ìyá tí a jọ ń sọ Yorùbá ní Toronto àti agbègbè rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni obìnrin tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò tíì fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n òun ló máa ń sọ ibi tí a ti lè rí ẹ̀wà olóyin tí kò ní kòkòrò fún wa. Kí n tó tẹ́tí sí i tán, àwọn ìyá mẹ́rìnlélógún ti dá a lóhùn pé ó ṣeun, pé Ọlọ́run á bá a wo àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó gùn ju ohun tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi wá bébà.

Mi ò kàwé kọjá girama. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ páálí wò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Milton, kí n rí i pé iye tí wọ́n kọ sí ara páálí bá iye tó wà nínú rẹ̀ mu. Mo ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mẹ́fà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó dá páálí tèmi padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi bí, obìnrin ni. Wíńtà àkọ́kọ́ tí a lò ní ìlú yìí, ìsàlẹ̀ ilé onílé ni a háyà, ògiri ibẹ̀ sì máa ń làágùn. Ọmọ náà kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Òtútù àyà mú un. Ọjọ́ mẹ́fà ni a lò ní ilé ìwòsàn. Mo máa ń gbé etí lé àyà rẹ̀, mo sì ń gbọ́ nǹkan níbẹ̀ bí ìgbà tí omi ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò tí a dé. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé kí n ṣọ́ ìgbóná ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà.

Mo ra ìwé kékeré kan tó ní ìlà. Láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, iye ìgbà tó wúkọ́, ohun tó jẹ, bóyá ó sùn dáadáa. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, torí pé ó yá mi lọ́wọ́ ju òyìnbó lọ. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìwé náà ti di mẹ́rìnlá. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àwọn kan ń kọ ìtàn ọba, ìwọ ń kọ ìtàn ikọ́." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì kọ ọ́ lọ.

Ọdún kejì tí a kó wọ ilé tiwa ní North York ni ọ̀rọ̀ ààrò yìí bẹ̀rẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, kò ní òkè. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í dé pálọ̀ dáadáa, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé náà tán ni wọ́n tó fi pálọ̀ kún un. Wọ́n kọ́ ààrò kan sínú ògiri ibẹ̀, oníbíríkì, tí ṣímínì rẹ̀ yọ sókè lórí òrùlé. A dáná igi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Iwájú ẹni á máa gbóná, ẹ̀yìn ẹni á máa gbọ̀n. Èéfín díẹ̀ tó yọ sínú pálọ̀ ló mú kí ọmọ wúkọ́ nígbà mọ́kànlá láàárín wákàtí kan. Mo ní kí ọkọ mi má dán an wò mọ́.

Òun ló gbọ́ níbi iṣẹ́ pé sítóòfù kan wà tí wọ́n máa ń tì bọ inú irú ààrò bẹ́ẹ̀, tó máa ń ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ iná, tí èéfín rẹ̀ kì í bọ́ sílé. Igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tún wá kì mọ́ra ní wóró wóró, ló ń jó. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ló máa ń bu wóró náà sí iná díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. A ra àpò kan ká lè rí bó ṣe rí, mo sì fi han ìyá mi ní Iléṣà lórí fóònù.

"Kí lẹ ní ẹ fẹ́ kó sínú iná?" ni ìyá mi wí.

"Igi ni, Màmá," ni ọkọ mi dáhùn. "Wọ́n lọ̀ ọ́ ni, wọ́n tún wá kì í pọ̀."

"Èyí tí mò ń wò yìí, oúnjẹ adìyẹ ni."

"Màmá, igi ni."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tí àkùkọ bá wọlé wá bá yín du iná, ẹ má pè mí o."

Ọmọbìnrin mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ adìyẹ ni gbogbo wa ń pe pẹ́lẹ́ẹ̀tì nínú ilé.

Ẹni tó wá fi sítóòfù náà sínú ògiri jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan láti apá Port Credit. Ó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà, mo sì ní kó fi hàn mí kó tó wọlé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé, ní Ọjọ́bọ̀. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè wà níbẹ̀. Ó gbá ẹ̀gbin inú ṣímínì kúrò. Ó yọ irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń dé e. Ó gun òrùlé, ó sọ páìpù irin gígùn kan kalẹ̀ láti òkè, páìpù tó ṣeé tẹ̀ bí ìfun màlúù, tí èéfín máa gbà. Ó fi páànù dí àyíká páìpù náà kí ooru pálọ̀ má bàa máa bá ibẹ̀ jáde. Ó wá ti sítóòfù wọlé, ó so ó mọ́ páìpù. Mo fi téèpù ìwọnlẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín sítóòfù àti pákó orí ààrò, mo sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé ìlànà. Ó pé. Ọkùnrin náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò tíì rí onílé tó ń wọn iṣẹ́ òun tẹ̀lé òun.

Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo jáde lọ dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni mo lò. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti fi páànù dúdú kan yí ojú sítóòfù náà ká, ó sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Ó dágbére fún wa. Mo bi ọkọ mi, tó dúró tì í nínú pálọ̀, léèrè ohun tí ọkùnrin náà sọ lẹ́yìn tí mo jáde.

"Ó ní ká máa kó eérú ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Ó sọ oríṣiríṣi. Ìwọ ṣáà ka ìwé ẹ̀."

Mo ka ìwé náà. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni. Ogún àkọ́kọ́ wà fún ẹni tó máa fi sítóòfù sínú ògiri, ìyókù wà fún onílé. Mo ka ti onílé lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì. Ti oníṣẹ́, mo ní oníṣẹ́ ti ṣe é, ó ti parí. Mi ò kà á.

Fún oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, ara tù wá. Pálọ̀ gbóná. Iná náà funfun díẹ̀, ó ń tàn yòò, gíláàsì rẹ̀ mọ́. Ọmọ mi a máa dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí fóòmù kékeré, á máa ka ìwé. Nínú ìwé tèmi, ikọ́ dín kù. Mo ní ojú ìwé méjì gbáko tí kò sí ikọ́ kankan níbẹ̀.

Òtútù ńlá wá dé ní oṣù kìíní. Nígbàkígbà tí a bá pa iná, mo máa ń rí i pé atẹ́gùn tútù kan ń bọ̀ láti ìdí ààrò, ní ìwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀. Mo mú ìwé ìnudọ̀tí tó fẹ́lẹ́ kan, mo gbé e sí etí páànù dúdú yẹn, ó ń fì. Ibẹ̀ gan-an ni orí fóòmù ọmọ mi wà. Mo sọ fún ìyá mi.

"Ìyẹn gan-an ló burú jù," ni ìyá mi wí. "Èyí tó ń gba ilẹ̀ wọlé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ló máa ń bá wọlé, àyà ló máa ń lọ bá. Wá nǹkan dí i."

Mi ò sọ èyí kí n lè fi dá ìyá mi lẹ́bi. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kọ́ mi, èmi náà sì ti gbà á gbọ́ kó tó sọ ọ́. Ní ilé wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé atẹ́gùn tútù ló ń fa òtútù àyà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń fi àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn, a sì máa ń wọ ọmọ ní fìlà sùn. Mo ti rí ọmọ mi nínú òtútù àyà. Mo mọ ohun tí mò ń sá fún.

Ní ọjọ́ ìsinmi mi, ní ọ̀sán, mo tú sukúrù mẹ́rin, mo ṣí páànù náà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, mo rí ẹnu páìpù kan tó wá láti ìta, tó gba ibi tí wọ́n ti ń kó eérú láyé àtijọ́ wọlé. Ìwọ̀n ínṣì mẹ́ta ni ẹnu rẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan. Ó kàn la ẹnu sílẹ̀ lẹ́yìn sítóòfù, afẹ́fẹ́ tútù sì ń tú jáde nínú rẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin yẹn gbàgbé láti dí i ni. Inú bí mi sí i. Mo ní, àgbàlagbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò rí ibẹ̀ dáadáa.

Mo wá aṣọ tó nípọn. Mo rí aṣọ ìpọnmọ tí mo fi pọn ọmọbìnrin mi ní Iléṣà, aṣọ òkè aláwọ̀ aró tí ó ti gbó létí kan. Mo ká a ní ìṣẹ́po mẹ́rin, mo kì í bọ ẹnu páìpù náà títí kò fi lè lọ mọ́. Mo dá páànù padà. Mo wá fi téèpù fàdákà tí kì í jóná lẹ etí rẹ̀ yíká, láti ilẹ̀ dé òkè dé ilẹ̀, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má ní ibi tó ṣí. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo gbé ìwé ìnudọ̀tí síbẹ̀, kò mira.

Ọkọ mi dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, ó wò ó.

"Ẹnjiníà, kí lo tún dí?"

"Ihò kan ni, Dádì. Ọkùnrin yẹn gbàgbé ẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ kàn án, kò sí atẹ́gùn mọ́."

Ó fọwọ́ kàn án. "Lóòótọ́. O káre."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni iná náà ti yí padà. Ó di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń rọra jó bí ẹni tí oorun ń kùn. Gíláàsì dúdú láàárín wákàtí mẹ́ta. Wóró pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń kójọ lé ara wọn láìjóná tán. Nígbà mìíràn, sítóòfù náà á kú fúnra rẹ̀, iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo wo ìwé ìlànà, apá ti onílé. Ó ní kí a nu gíláàsì, kí a kó eérú, kí a tún un tàn. Mo ń nù ún, mò ń kó o, mo sì ń tún un tàn. Mo rò pé àpò pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí a rà ló ti fa omi.

Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi nígbà kan pé òun ò tiẹ̀ ní orí fífọ́ ní ilé-ìwé. Mo ti sọ fún un kí ó jókòó kí a ka Yorùbá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí a ṣe máa ń ṣe. Òyìnbó ló fi dá mi lóhùn, bí ìṣe rẹ̀.

"Mummy, it's only at home."

"Ilé nìkan?" ni mo wí. "Orí ọlọ́gbọ́n, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń kàwé Yorùbá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣí ìwé. Ó ka ojú ìwé kan, ó gbé orí lé tábìlì. Mo ní kó dìde jókòó dáadáa.

Ọjọ́ tí mò ń sọ bọ̀ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní oṣù kejì. Yìnyín ti bo ilẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò ní rìn. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo fi fóònù sọ níbi iṣẹ́ tèmi pé mi ò ní lè wá. Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo tan sítóòfù. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó kú, mo tún un tàn. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ọmọ mi ní orí ń fọ́ òun, inú sì ń rú òun. Ara rẹ̀ kò gbóná. Mo fún un ní oògùn orí. Ó ní òun fẹ́ lọ sínú yàrá òun. Mo ní rárá, yàrá tutù, kó dúró síbi tí iná wà. Mo fa fóòmù rẹ̀ sún mọ́ ààrò. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo wá ká aṣọ ìnura, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn náà láti òde, kí ooru má bàa jáde.

Aláàmù tó ń ké bí gáàsì olóró bá wà nínú ilé wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni mo máa ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ aṣọ, mo sì lọ aṣọ tó ti gbẹ. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gòkè. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ooru tó pàdé mi dára. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, mo sì rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ó ti bì sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo pè é. Mo pè é pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò wò mí, ó tún padé. Aláàmù bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Mo ti di ilẹ̀kùn mú. Mo wá rántí pé aṣọ oorun nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, pé yìnyín wà níta, pé àyà rẹ̀ kò lágbára. Mo gbé e kalẹ̀ sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, mo padà lọ wá kóòtù rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo wá ìbọ̀sẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ ní ẹyọ kan, mi ò rí èkejì, mo ń wá a kiri inú apẹ̀rẹ̀ bàtà. Aláàmù ń ké. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì, mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí ibi tí mo wà. Mo ní mo wà nínú ilé, mò ń wọ aṣọ òtútù fún ọmọ mi. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jáde báyìí. Bí ó ṣe wà. Ẹ jáde."

Mo ti ṣírò ìgbà tí mo lò ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Nínú àkọsílẹ̀ fóònù, láti ìgbà tí mo pè é títí dìgbà tí ó ní kí n jáde jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógójì. Èyí tí mo lò kí n tó pè é, mi ò lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn panápaná dé, àwọn áńbúláǹsì dé. Wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé wa lọ, ọ̀kan nínú àwọn panápaná jáde láti inú ilé, ó mú aṣọ ìpọnmọ náà lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, ní kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ìwé mi nínú báàgì. Ó ní òun ò lè ka èdè náà, kí n kà á fún òun. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, iná láti àárọ̀, orí fífọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú, iná láti àárọ̀, orí fífọ́, kò jẹun. Ọjọ́ Ajé, ilé-ìwé, kò sí orí fífọ́. Iná, aago márùn-ún. Orí fífọ́, aago méje. Mo kà á dé ibẹ̀, ojú mi padà sí ìlà àwọn ọjọ́ tí iná jó. Dókítà náà ní ó tó, pé òun ti rí ohun tí òun ń wá.

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi nìyí. Iná ń mí bí ènìyàn. Páìpù oníwọ̀n ínṣì mẹ́ta yẹn ni ọkùnrin Port Credit ṣe kí sítóòfù lè máa rí afẹ́fẹ́ mí láti ìta. Mo dí imú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo fi téèpù dí i láti iwájú. Nígbà tí kò rí èémí, wóró igi kò jóná tán, ó ń rú èéfín lábẹ́lẹ̀, ẹ̀gbin dúdú kún páìpù èéfín, gáàsì olóró tí kò lóòórùn tí kò láwọ̀ sì ń yọ́ padà sínú pálọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo dí ni kò jẹ́ kí aláàmù mọ̀. Ìgbà tí mo ṣí i ló tó mọ̀.

Ọkọ mi jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Bàbá yẹn ṣàlàyé nǹkan kan fún mi nípa afẹ́fẹ́," ló wí. "Òyìnbó ẹnu ẹ̀ ń yára. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó pé ó ti dàgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò dáa kí n ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní ó ti yé mi."

"Kò yé yín?"

"Kò yé mi."

Mo padà sílé lọ mú aṣọ, mo ṣí ìwé ìlànà, apá ti oníṣẹ́. Ojú ìwé kẹtàdínlógún ni ó wà, nínú àpótí onílà dúdú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró. Ó jí, ó jẹun, ó ní òun fẹ́ lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọmọ tí mo mọ̀ ni. Ó tún àṣìṣe mi ṣe nínú òyìnbó. Mo dúpẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé Ọlọ́run ti gbà á, ìyá mi sì kúnlẹ̀ nínú fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó bi mí bóyá a ti jẹun, àwo sì wà níwájú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ pè mí. Ó ní ó ń ka ìlà kan, tó bá fi máa dé ìparí rẹ̀, kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá ń kọ̀wé. Àwọn dókítà ní gáàsì yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ó máa ń fi ẹni sílẹ̀, kó tó tún padà wá. Wọ́n ní ó lè lọ, ó lè má lọ, kí a fún un ní ọdún kan. Ó ku oṣù kan kí ọdún náà pé. Mi ò rí i kó ń lọ. Ní àná, ó jókòó sórí àga, ó mú bàtà dání, ó wò ó títí bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni í. Mo dúró, mi ò ràn án lọ́wọ́, torí pé wọ́n ní ká má máa yára ràn án lọ́wọ́. Ó gbé bàtà náà kalẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà, torí pé kò bi mí ní nǹkan kan.

Ọkọ mi kò dá mi lẹ́bi rí. Èmi náà kò dá a lẹ́bi. A máa ń sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. A ti yọ sítóòfù náà. Ihò dúdú ló kù nínú ògiri. Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré mọ́. Àwọn dókítà ní kí n máa kọ ọ́ nìṣó, pé yóò wúlò. Mo máa ń gbé kálámù, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ máa kà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Bí irú sítóòfù yìí bá wà nílé yín, ẹ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí, bí aṣọ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ohun tí kò bá yé yín lẹ́nu oníṣẹ́, ẹ ní kí ó tún un sọ, bó ti wù kó dàgbà tó. Bí ọmọ yín bá sì ní orí ń fọ́ òun nínú ilé tí iná ń jó, ẹ gbé e jáde bí ó ṣe wà, ẹ má wá ìbọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́.